Ẹran Ìyá Ìyàwó Aláwàdà

Níbi tí mo ti wá, ọkùnrin kì í pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lórúkọ. Bí ó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi Ṣàbí tó gbé ìyàwó wálé, odindi ọdún mẹ́ta ni àwa àbúrò àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bá a kọ ebè iṣu lóko àna rẹ̀ nítòsí Ṣábẹ̀. Ìyá náà á jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí, á máa wò wá bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò tíì pinnu pé òun fẹ́ rà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó rẹ òun. Ẹ wá wo bí ara mi ti rí ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan ní ìlú òyìnbó, nígbà tí mo rí ọkùnrin àgbàlagbà kan nínú kóòtù àrán, tó dúró níwájú gbọ̀ngán tó kún fọ́fọ́, tó ń fi ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, tí wọ́n sì ń sanwó fún un.

Màá sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dá wà tó, torí pé ẹni tí kò bá dá wà kò lè ṣe ohun tí mo ṣe.

Parakou, ìlú kan lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà, ni mo ti kúrò, ní ìgbà Rẹfolúsíọ̀n tí àwọn ológun gbé dé, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kàmáráàdì, tí èèyàn gbọ́dọ̀ na ìkúùkù sókè kó tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ìrìn àjò náà gùn, kò sì ládùn, mi ò ní fi gbà yín lákòókò. Mo bá ara mi ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ irun àgùntàn kí wọ́n tó fi hun aṣọ. Òórùn ọ̀rá àgùntàn náà kì í kúrò lára, bó o wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Faransé tí mo fi ń yangàn ní Parakou kò lè ra búrẹ́dì níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní kò ju èyí tí mo kọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà wá sí ọjà Arzèkè, iye owó àti "kò gbà" ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ kì í ṣe òtútù. Ìkíni ni. Ní Albarika, àdúgbò wa ní Parakou, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà wa dé títì, mo ti kí ogún èèyàn, àwọn náà ti béèrè ìyá mi, wọ́n ti béèrè bí mo ṣe sùn àti ohun tí mo jẹ. Ìyá àgbàlagbà kan ń gbé ní ojúlé kejì sí mi ní ìlú yẹn. Láràárọ̀ ni mo ń dúró kí i. Mo béèrè ara rẹ̀, mo béèrè ilé, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ tí mi ò rí rí. Ó ń dáhùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, mo rí i pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà jáde. Mo padà sí yàrá mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó sì dùn mí gan-an.

Jọ́ọ̀jì ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ló kángun sí tèmi. Ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Ẹ̀rọ náà ti gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń sọ pé òun ṣì ń dúró kó dá wọn padà. Ọjọ́ Ẹtì kan ló bi mí pé kí ni mo máa ń ṣe ní Ọjọ́ Àìkú. Mo ní mo máa ń fọṣọ. Ó ní, lẹ́yìn náà ńkọ́? Mo ní mo máa ń wò ó títí yóò fi gbẹ. Mi ò fi dápàárá, òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní kí n wọ aṣọ tó mọ́, kí n máa bá òun bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ilé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú náà ló dá a sílẹ̀, àwọn ló ń darí rẹ̀, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn, ìgbìmọ̀ náà sì le ju ti àdúgbò wa ní Parakou lọ. Àlejò kò lè dá wọlé. Ọmọ ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ohunkóhun tí àlejò náà bá sì ṣe, ọrùn ẹni tó kọ ọ́ ló wà. Jọ́ọ̀jì kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Ó kọ "ọ̀rẹ́ Jọ́ọ̀jì". Orúkọ tí mo jẹ́ níbẹ̀ nìyẹn títí mo fi kúrò ní ìlú náà.

Nínú gbọ̀ngán, èéfín sìgá pọ̀ débi pé mi ò rí òrùlé. Wọ́n kọ́kọ́ ta tẹ́tẹ́ onínọ́ńbà, gbogbo èèyàn dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Lẹ́yìn ìyẹn ni tẹ́tẹ́ ẹran: wàá ra tíkẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá pe nọ́ńbà rẹ, wàá gbé ẹran tútù lọ sílé. Aláwàdà ló máa ń dé kẹ́yìn. Ọkùnrin kan láti inú ìgbìmọ̀, tó so táì, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, á máa fi ife gbá tábìlì bí ariwo bá pọ̀. Mo ti rí i tó dá aláwàdà dúró ní àárín ọ̀rọ̀ kó lè kéde pé páì ẹran ti jinná. Aláwàdà náà dúró, ó gbọ́, ó dúpẹ́, ó tẹ̀ síwájú.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí Jọ́ọ̀jì bá rẹ́rìn-ín ni mo ń rẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹ̀rín mi máa ń dé nígbà tí ti àwọn yòókù bá ti lọ. Nígbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí là, ẹ̀rù ló bà mí. Olórí ìjọba wọn ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́pàá ni. Ọbabìnrin wọn pàápàá kò yọ. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà, mo ń retí àwọn tí yóò wá mú ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó wọlé àfi obìnrin tó ń gbé páì.

Wọ́n fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́. Aláwàdà ọ̀dọ́ kan rí mi nídìí tábìlì, ó ní kí wọ́n dín iná kù, ó wá ní kí n rẹ́rìn-ín kí òun lè mọ̀ bóyá èèyàn wà lórí àga náà. Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Jọ́ọ̀jì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo inú ife bíà rẹ̀.

Ní ilé, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i. Bàrìbá kan wà ní agbolé tó kángun sí tiwa tó máa ń pe àwa ará Ṣábẹ̀ ní ẹrú bàbá rẹ̀ láràárọ̀, àwa náà á sì dá a padà fún un, torí wọ́n ní ilé ọba wa bá ilé tiwọn tan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá wa kú, òun ló kọ́kọ́ dé, òun ló sì mú ṣọ́bìrì. Ọmọdé tó wà lórí pèpéle yẹn kò mọ orúkọ mi, kò sì ní gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó jẹ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́jọ́ kẹta. Síbẹ̀ mo padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe padà lọ.

Télọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Ṣàbí, lábẹ́ páànù kan ní Arzèkè, nítòsí ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Àwọn èèyàn máa ń gbé aṣọ tí kò ya wá fún un kó bá wọn rán an, kí wọ́n lè rí ìdí jókòó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò lè sín jẹ. Ó ń sín àlùfáà jẹ, ó ń sín àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ Zongo jẹ ní èdè Dẹ́ńdì, ó ń sín èmi pàápàá jẹ débi tí mo fi ń bínú sí ara mi. Lọ́jọ́ kan ó sín aṣojú ìjọba ládùúgbò wa jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ṣòkòtò ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ pé ìgbànú rẹ̀ kò dáa, tí ó fi jẹ́ pé bí aṣojú bá na ìkúùkù ọ̀tún sókè, ó di dandan kó fi ọwọ́ òsì di ìdí ṣòkòtò mú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan lẹ́yìn, tó ń kígbe bíi ti ìpàdé pé ìjàkadì ń tẹ̀ síwájú. Gbogbo ìlà náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn kan wá mú un. Oṣù márùn-ún ni a kò fi mọ ibi tó wà. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, kò sì sọ ohun mìíràn náà. Ó ń rán aṣọ tó bá ya, ó ń lọ sílé. Lọ́jọ́ tí mò ń kúrò ní Parakou, òun ló gbé àpò mi dé ibùdókọ̀ ní Zongo. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ náà tóbi jù mí lọ, mo rà á bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti àtijọ́ ì bá ti fi bàtà yẹn ṣe gbogbo ibùdókọ̀ lẹ́rìn-ín. Ó wò ó, ó gbé ojú kúrò, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ mi.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń pe àwọn ará ilé. Màá ti kọ lẹ́tà ṣáájú kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí wọn yóò lọ jókòó dè mí ní lapọ́sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ tí tẹlifóònù wà. Èmi á dúró nínú àgọ́ tẹlifóònù pupa tó wà ní orígun àdúgbò mi, pẹ̀lú ẹyọ owó tí mo ti ń kó jọ. Màmá ló máa ń kọ́kọ́ gbà á. Ó máa ń pariwo, torí ó mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Lẹ́yìn náà á gbé e fún Ẹ̀gbọ́n Ṣàbí, òun á sì sọ pé, "Mo ń gbọ́." Bí mo bá béèrè ara rẹ̀, ó dáa. Bí mo bá béèrè iṣẹ́, ó ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, èémí rẹ̀ nìkan ni mo ń sanwó fún.

Ní ọjọ́ kan Màmá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, èyí tí kò ṣe rí lórí tẹlifóònù. Ó ní, "Kò jẹun dáadáa mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á máa wò ó ni. Dákun, ọmọ mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa ń rẹ́rìn-ín. Bá mi wá ọ̀rọ̀ kan tó máa pa á lẹ́rìn-ín."

Mo ní màá wá a. Kí ni mo tún lè sọ? Mi ò lè fọwọ́ kàn án, mi ò lè jókòó tì í. Ṣùgbọ́n mo mọ ibì kan tí wọ́n ti ń kó ẹ̀rín jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń mú ìwé pélébé kan dání lọ sí ilé ẹgbẹ́. Bí aláwàdà bá sọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ní Ọjọ́ Ajé, nígbà ìsinmi tíì, Jọ́ọ̀jì á ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí àwàdà náà á fi kú. Èmi á wá gbé òkú rẹ̀ lọ sínú àgọ́ tẹlifóònù. Aláwàdà kan sọ pé ìlú òun dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń gbé àga jáde wá wo iná ojú ọ̀nà bó ṣe ń pa àwọ̀ dà. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Iná wo?" Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀rẹ̀ èyí tó jẹ mọ́ olórí ìjọba wọn. Mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ dá dúró. Ó ní, "Fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Tẹlifóònù ni, etí pọ̀ níbẹ̀."

Mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wá yé mi pé ìlú tí mo wà àti ìlú tí mo fi sílẹ̀ kò lè jọ rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà, èmi tí mo sì wà láàárín, mi ò rẹ́rìn-ín ní ibì kankan. Mo máa ń wo ojú mi nínú dígí, màá sín ẹ̀gbọ́n mi jẹ bó ṣe ń sín mi jẹ, kí n kàn lè gbọ́ Yorùbá nínú yàrá náà.

Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yẹn ni mo jẹ tẹ́tẹ́ ẹran. Wọ́n pe nọ́ńbà, mo wo tíkẹ́ẹ̀tì mi, Jọ́ọ̀jì wò ó, ó gbá mi lẹ́yìn. Itan àgùntàn ni, odindi, wọ́n fi bébà funfun dì í. Mo rìn lọ gbà á, àwọn kan pàtẹ́wọ́, ẹnì kan pariwo pé "ọ̀rẹ́ Jọ́ọ̀jì". Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìlú yẹn fún mi láìjẹ́ pé mo làágùn sí i. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ mi, mo ń ro ata tí màá fi sè é.

Ìgbà náà ni ọkùnrin àgbàlagbà yẹn gorí pèpéle. Ó tín-ín-rín, awò ojú rẹ̀ nípọn, kóòtù àrán rẹ̀ ti gbó ní ìgbọ̀nwọ́ ṣùgbọ́n wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ní ìyá ìyàwó òun wá kí àwọn fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí àwọn ṣègbéyàwó, kò sì tíì lọ. Ó ní ọjọ́ tó kó dé ni àwọn eku inú ilé kó jáde, wọ́n sì bẹ òun pé kí òun máa bá àwọn lọ. Ó ní òun mú un lọ sí etíkun, òkun rí i, ó fà sẹ́yìn, ó sì di ọ̀la kó tó gbójúgbóyà padà wá. Àwọn ọkùnrin tó yí mi ká ń nu omijé. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ má bínú sí mi. Mo ti mọ̀ pé wọ́n ń purọ́ lórí olórí ìjọba, lórí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó? Kò sí ọkùnrin tó jí ní àárọ̀ tí yóò fi ìyẹn ṣeré. Mo ro ó pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ọkùnrin yìí, pé ó ti le débi tí kò fi mọ ẹni tó máa fi ẹjọ́ sùn mọ́, tó wá ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀mùtí. Mo wo yíká bóyá àgbà kan máa dìde lọ bá a. Kò sẹ́ni tó dìde. Níbi tí mo ti wá, bí àna bá ṣẹ̀ sí ìyá ìyàwó, itan ẹran ló máa ń gbé ránṣẹ́, kì í sì í gbé e lọ fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a lọ bẹ̀bẹ̀. Itan ẹran sì rèé lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní Ọlọ́run ló rán mi.

Jọ́ọ̀jì lọ ra bíà, èmi sì dìde. Mo bá aláwàdà náà nínú ilé ìdáná kékeré tó wà lẹ́yìn pèpéle, níbi tí wọ́n ń to àpótí bíà sí. Ó ń tú táì ọrùn rẹ̀. Mo kí i. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní mo mọ̀ pé àwọn àgbà obìnrin máa ń le nígbà míì, ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá ń jẹ́. Mo ní kó gba ẹran yìí, kó gbé e lọ fún un, kó sọ pé òun ló rà á, kí àlàáfíà lè wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ọjà Arzèkè ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin onítáì inú ìgbìmọ̀ yọjú, ó rò pé mo wá jà, ó ní kí n jáde. Aláwàdà náà ní kó fi mí sílẹ̀, ó ní àlejò òun ni mí.

Ó wo ẹran náà pẹ́. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìyàwó mi ti kú tipẹ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ ló kù nínú ilé. Òun ló lọ kóòtù yìí láàárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ òkun yẹn tó o gbọ́, òun ló kọ́ mi."

Mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí. Mo fẹ́ gba ẹran náà padà kí n sì máa sá lọ, ṣùgbọ́n ó ti gbé e sábẹ́ apá. Ó ní òun máa gbé e fún un, òun ò sì ní purọ́ pé òun ló rà á. Òun máa sọ fún un pé ọkùnrin kan láti Áfíríkà wá bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀, pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọkùnrin náà nìkan ṣoṣo lẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Nígbà tí Jọ́ọ̀jì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá ní Ọjọ́ Ajé, gbogbo ilé iṣẹ́ ti gbọ́. Fún oṣù kan gbáko, ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi á béèrè bí ìyá ìyàwó ṣe wà. Wọn kò ní inú burúkú sí mi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé mo fi Ọjọ́ Àìkú méjì wo aṣọ mi bó ṣe ń gbẹ. Síbẹ̀, bí mo bá ti tan iná yàrá mi, mo máa ń ro ó pé ilé kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n ti jẹ ẹran mi, tí ìyá àgbàlagbà kan ti sọ̀rọ̀ nípa mi níbi oúnjẹ, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ mi. Mo búra pé àwọn ará ilé kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láéláé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo máa ń pe ilé dé. Màmá gbà á. Kò pariwo. Ó ní Ẹ̀gbọ́n Ṣàbí ti rí ẹni tó máa ra máṣíìnì rẹ̀, ẹni náà ń bọ̀ wá gbé e ní Ọjọ́ Ajé. Mo ní kí ló fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Màmá ní kò sí. Ó ní ó sọ pé ó ti rẹ òun, kò sì tó ẹni ogójì ọdún. Ó gbé ẹ̀rọ fún un.

"Mo ń gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìwé pélébé mi wà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ òkun ló wà lókè, mo sì kà á jáde. Mo ní aláwàdà kan ní òun mú ìyá ìyàwó òun lọ sétí òkun, òkun rí i, ó sá. Mo ń gbọ́ tí owó mi ń já bọ́ nínú ẹ̀rọ náà.

Ó wá ní, "Ìyá ìyàwó rẹ̀ gan-an? Níwájú àwọn èèyàn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìwọ náà sì jókòó, ò ń gbọ́? O ò dá sí i?"

Ohùn àgbà ló fi bi mí, ohùn tó fi ń bá mi wí nígbà tí mo wà ní kékeré. Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní mo dá sí i. Mo ní mo gbé ẹran lọ bá a.

"Ẹran kí ni?"

"Itan."

Ó ní, "O gbé itan ẹran lọ bá aláwàdà, kó lọ fi bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ìjà wà?"

"Kò sí ìjà kankan. Òun ló kọ́ ọ ní àwàdà náà."

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sọ ọ́ fún Jọ́ọ̀jì, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bóyá torí mo mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó lè torí èyí wá mú un. Mo ní, "Mo dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Níbo?"

"Nínú ilé ìdáná. Bíà ti dà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó rin ṣẹ́ẹ̀tì mi gbindin."

Mo kọ́kọ́ rò pé wáyà ló ń dún. Ohùn kan tó há, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí tipẹ́. Ó tún dún. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ń wú u jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń sọ pé, "Wọ́n rán ọ níṣẹ́ ajé, o lọ ń parí ìjà tí kò sí. Nínú bíà. Mọ̀ndiẹ̀, Ọlọ́run mi." Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn àgọ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn ṣí. Ó ń bá àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní lapọ́sì sọ̀rọ̀, ohùn mi gan-an ló sì fi ń sọ ọ́, ohùn ìbẹ̀rù mi, Gẹ̀ẹ́sì mi. Kò tíì gbọ́ mi rí nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mú un bó ṣe rí. Mo gbọ́ ẹ̀rín Màmá. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn tí mi ò mọ̀. Akọ̀wé tó ń so wáyà ń bi wọ́n pé ta ló dọ̀bálẹ̀, ta ló dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé pé mo wà lórí ẹ̀rọ. Mo ń pè, "Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n," owó mi sì tán, ẹ̀rọ náà ké, ó dákẹ́.

Mi ò gbé e sílẹ̀. Mo dúró, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń já bọ́ lójú mi. Obìnrin kan fi kọ́kọ́rọ́ kan dígí, ó fẹ́ lo tẹlifóònù náà. Mo jáde fún un. Ó wo ojú mi, ó béèrè bóyá wọ́n sọ ohun búburú fún mi. Mo ní rárá, mo ní ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn dára, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Òjò ti ń fọ́n. Mo rìn lọ sí yàrá mi láàárín àwọn tó ń ra ọjà Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sẹ́ni tí mo lè dá dúró lójú ọ̀nà láti sọ ọ́ fún. Àwọn ará ilé á ti máa rìn bọ̀ láti lapọ́sì ní wákàtí yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń sín mi jẹ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀nà títí dé Albarika. Mi ò tíì fẹ́ wà ní ibì kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.